Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń sáré: ẹ má ṣe fi ọjọ́ ta á lọ́rẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó máa ń ka ojú ewé yìí dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ lè dàgbà láàárín oṣù méjì péré? Wọ́n ya fọ́tò àyà fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wọ́n ní nǹkan kékeré kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún yà á lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ní ó ti di ńlá. Àwọn ẹbí ní ọwọ́ ayé ti wà níbẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ ká wá ibi jókòó sí. Ohun tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá gbogbo yín sọ lónìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń jẹ lọ́kàn.

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Òótọ́ ni. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà tó máa ń sáré dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Àmọ́ eré tó ń sá kì í ṣe àmì pé ẹnì kan ló rán an sí aláìsàn. Bí ìṣẹ̀dá àrùn náà ṣe rí nìyẹn. Ìdí tí mo sì fi fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé àrùn yìí máa ń sáré kò ní fi oṣù mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mu oògùn ikọ́ kiri kó tó wá ojúlówó àyẹ̀wò ṣe.

Ohun tí ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Bàbá télọ̀ kan wà ládùúgbò wa nígbà kan. Àtìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ ni wọ́n ti ń mu sìgá. Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá yìí lẹ́nu, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wá, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí. Mo fún wọn ní oògùn ikọ́ olómi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n padà wá, mo tún fún wọn ní òmíràn, mo ní kí wọ́n dín sìgá kù. N kò sọ pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ìlera náà nìyẹn o.

Nígbà tí bàbá máa fi dé ilé ìwòsàn, ikọ́ ọ̀hún ti lé ní oṣù méjì. Fọ́tò àyà fi àmì funfun kan hàn lápá ọ̀tún, kò ju hóró agbálùmọ̀ lọ. Àwọn dókítà yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wọn kò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, níbẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé bàbá ń rù, tí òógùn sì ń bò wọ́n lóru, àwọn dókítà ní kí wọ́n máa lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ná. Bàbá lò ó dáadáa, wọn kò fo ọjọ́ kan. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú wú, ọrùn wú, iṣan ọrùn sì yọ síta kedere. Fọ́tò kejì fi hàn pé ohun tó dà bíi hóró agbálùmọ̀ ti tó ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ti ń tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti orí padà sí ọkàn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn dókítà tó gé bíńtín lára kókó náà, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Jẹjẹrẹ ni. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá húkọ́ wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Irú jẹjẹrẹ wo nìyí?

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun tíntìntín tí ara wa fi mọ, bí búlọ́ọ̀kù ṣe jẹ́ fún ilé. Jẹjẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan kò bá gbọ́ràn sí ara lẹ́nu mọ́, tó kàn ń bí sí i láìdúró. Àwọn dókítà pín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sí ọ̀nà méjì gbòógì. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré gan-an ni wọ́n ń pè ní small cell. Nínú èèyàn 100 tó bá ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bíi 10 sí 15 ni tiwọn máa ń jẹ́ irú èyí. Òun ló máa ń sáré jù, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ní in ló jẹ́ pé yóò ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sí ibòmíràn, bí ẹ̀dọ̀, egungun tàbí ọpọlọ, kí wọ́n tó mọ̀ pé òun ni.

Kì í ṣe òní ló ti ń tan àwọn dókítà jẹ. Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé àrùn àárín àyà lọ́tọ̀ ni. Lọ́dún 1926 ni dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. G. Barnard, fi hàn pé inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń sáré bẹ́ẹ̀? Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn ohun kan wà tó dà bíi bíréèkì ọkọ̀, iṣẹ́ wọn ni láti dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má bàa bí ju bó ṣe yẹ lọ. Méjì tó lágbára nínú wọn ni wọ́n ń pè ní TP53 àti RB1. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2015, wọ́n tú jẹjẹrẹ small cell 110 wò tinú-tòde, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni bíréèkì méjèèjì ti bàjẹ́. Ẹ fojú inú wo dánfó tí bíréèkì ẹsẹ̀ àti tọwọ́ rẹ̀ já lórí òkè. Kò sí ẹni tó ń tì í, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe ìṣirò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá èsúsú, ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé yín. Ká sọ pé náírà kan ṣoṣo lẹ fi pamọ́, tó sì ń di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìparí oṣù. Lẹ́yìn oṣù kan, náírà méjì. Lẹ́yìn oṣù méjì, náírà mẹ́rin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, kò tíì ju náírà 1,024 lọ. Lẹ́yìn ogún oṣù, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Lẹ́yìn ọgbọ̀n oṣù, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan.

Bí jẹjẹrẹ náà ṣe ń bí nìyẹn. Àwọn onímọ̀ máa ń fojú bù ú pé kókó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹn bíi hóró ẹ̀wà kan, ní sẹ́ẹ̀lì tó tó bílíọ̀nù kan nínú. Èyí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò X-ray àyà kì í sábà rí i. Nítorí náà, nígbà tí X-ray bá kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oṣooṣù ló ń di ìlọ́po méjì, ó ti ń gbé ibẹ̀ láti bí ọdún méjì àbọ̀, láìsí ikọ́, láìsí ìrora. Ohun tó yá wá lójú wa ni àwọn ìlọ́po díẹ̀ tó kẹ́yìn, bí owó tó kúrò ní ẹgbẹ̀rún tó wá di mílíọ̀nù.

Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń sá eré kan náà. Small cell lè fi oṣù kan péré di ìlọ́po méjì, ó sì lè gbà á ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn irú mìíràn tó ń falẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò méjì. Bí kókó bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ẹ mú òkèlè èbà kan, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe òmíràn tó fẹ̀ tó méjì irú rẹ̀. Òkèlè mẹ́jọ lẹ máa rọ́ pọ̀ kó tó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kókó tó fi sẹ̀ǹtímítà méjì fẹ̀ tó wá di mẹ́rin ti di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ti bàbá télọ̀ ṣe rí nìyẹn láàárín oṣù mẹ́ta. Ká ní wọ́n lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ yẹn pé oṣù mẹ́fà bí wọ́n ṣe máa ń lò ó, tí nǹkan náà sì ń bá eré rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, yóò di ìlọ́po 64. Hóró agbálùmọ̀ yóò di odidi ọsàn.

Ìṣirò yìí náà ló ń ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tó bá ṣàdédé tóbi láàárín ọjọ́ mélòó kan, àrùn kòkòrò ló sábà máa ń jẹ́, bíi òtútù àyà. Kókó tó le tó bá sì ti wà lójú kan fún ọdún méjì tí kò dàgbà rárá, kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí ni mo ṣe máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe sọ fíìmù X-ray àtijọ́ nù. Fíìmù kan ṣoṣo máa sọ ibi tí nǹkan wà. Fíìmù méjì tí wọ́n kọ déètì sí ló máa sọ bó ṣe ń sáré tó.

Ọ̀rọ̀ ayé àti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́

Nígbà tí ojú bàbá télọ̀ wú, àwọn ọmọ wọn ní ìnáwó kan tí bàbá lọ lóṣù tó ṣáájú ni wọ́n ti fún wọn ní nǹkan jẹ. Wọ́n gbé bàbá lọ sílé aláàdúrà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ ẹ rántí ìṣirò wa. Ìnáwó oṣù tó kọjá kò lè dá ohun tó ti ń bí sí i láti bí ọdún méjì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sì jẹ́ ìdajì oṣù kan, ìdajì oṣù kan sì pọ̀ fún àrùn tó ń sáré. Ẹ lè gbàdúrà nínú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n sọ ni pé gígé tí àwọn dókítà gé bíńtín níbẹ̀ ló jẹ́ kó tàn. Mo ti gbọ́ èyí láìmọye ìgbà. Kí irin àyẹ̀wò gbé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró káàkiri ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé àrùn náà ti tàn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àyẹ̀wò ló wá tú àṣírí rẹ̀. Láìgé bíńtín wò, kò sẹ́ni tó lè sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́, ìtọ́jú small cell sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra jù?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tó ní small cell ló ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí. Láti ọdún 1950 ni Richard Doll àti Bradford Hill nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ìwádìí jáde tó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nílé wa níbí, òfin lórí tábà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀. Bí ẹ bá jáwọ́ lónìí, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa dín kù dé ìdajì láàárín ọdún 10 sí 15.

Ẹni tí kò mu sìgá náà lè ní àwọn irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró yòókù. Lọ́dún 2012, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ sọ pé èéfín ẹ́ńjìnnì dísù máa ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n sì ti ka èéfín igi ìdáná nínú ilé mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fà á. Nítorí náà, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, ẹ sì jẹ́ kí ilé ìdáná ní ibi tí èéfín máa gbà jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ lókè òkun lè gbọ́ pé wọ́n máa ń ya àyà àwọn tó ti mu sìgá púpọ̀ lọ́dọọdún níbẹ̀. Ó dára, ó ti gba ẹ̀mí là. Àmọ́ small cell lè yọ láàárín fọ́tò tọdún yìí àti tọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n ní àyà rẹ̀ mọ́ lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ikọ́ tuntun.

Ohun tí ẹ máa ṣe

1. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ lo oògùn yín parí, ó máa lọ.

2. Bí wọn kò bá rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tàbí tí ikọ́ kò dín kù lẹ́yìn oṣù kan tí ẹ ti ń lo oògùn, ẹ padà lọ, kẹ́ ẹ bi dókítà pé, "Kí ló tún lè jẹ́?" Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ ní kí wọ́n tún fọ́tò àyà yà, kí wọ́n sì fi wé ti tẹ́lẹ̀.

3. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu sìgá, tẹ́ ẹ ti máa ń húkọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ bí ikọ́ náà bá yí padà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bí ohùn bá há, bí àyà bá ń dùn yín, bí ẹ bá ń rù láìsí ìdí, ẹ má dúró kó pé ọ̀sẹ̀ kankan.

4. Bí ojú tàbí ọrùn bá wú, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ṣàdédé di aláìlágbára, bí aláìsàn bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń bá ikọ́ jáde, pàjáwìrì ni. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

5. Ẹ kó gbogbo fíìmù àti ìwé àyẹ̀wò sínú àpò kan, ẹ kọ déètì sí wọn, ẹ gbé wọn síbi tí omi kò ti lè dé, ẹ sì máa gbé wọn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.

6. Bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ni, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: irú wo ni? Ibo ló dé? Ọjọ́ wo ni ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀? Tí wọ́n bá ní small cell ni, ẹ má gbà kí ọjọ́ náà jìnnà.

Ṣé ìtọ́jú wà?

Ó wà. Eré tó ń sá yìí kan náà ló ń jẹ́ kí oògùn tètè mú un, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó bá ń bí lọ́wọ́ ni oògùn jẹjẹrẹ máa ń pa jù. Bí kò bá tíì kúrò ní apá kan àyà, àwọn dókítà máa ń lo oògùn pọ̀ mọ́ iná ìtànṣán. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, nínú èèyàn 100 tí tiwọn ṣì wà ní apá kan tí wọ́n sì gba oògùn pẹ̀lú iná ìtànṣán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, 26 ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Láti ọdún 2019, àwọn oògùn tó ń ti àwọn ọmọ ogun ara lẹ́yìn ti kún un. Ọdún 2019 yẹn náà ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó wà ní LUTH, ní Ìdí-Àrábà, l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń lo iná ìtànṣán. N kò ní tàn yín, owó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn náà sì máa ń padà wá. Bó bá ti tàn káàkiri, ohun tí ìtọ́jú lè ṣe ni pé kó fi oṣù kún oṣù, kó sì jẹ́ kí aláìsàn lè mí dáadáa.

Bàbá télọ̀ gba oògùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wíwú ojú wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin, wọ́n sì jó níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni wọ́n dágbére. N kò lè sọ pé ká ní mo ti ní kí wọ́n lọ ya àyà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ì bá ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo mọ iye oṣù tó ṣòfò, mo sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti bọ́.

Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni jẹjẹrẹ o. Ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Àmọ́ àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìrókò tiwa yìí, oṣù ló fi ń dàgbà. Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tó ti ń húkọ́ láti ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀, ẹ bi í pé, "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"